Aṣọ òfì ń bu ní Ọ̀yọ́, ìmọ̀ tó lè gbà á wà ní Ògbómọ̀ṣọ́: ta ló máa gbé e wá?

Lóṣù tó kọjá, ilé wa ń múra ìgbéyàwó àbúrò mi obìnrin. Màmá mi ti pinnu pé ẹtù ìyá àgbà ni ìyàwó máa wọ̀ lọ́jọ́ ìdána. Ẹtù yẹn kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi òwú dídán ṣe lóde òní o. Òwú gidi ni, tí wọ́n rẹ sínú aró títí tó fi dúdú mìnìjọ̀. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ti wà nínú àpótí onígi ní ilé wa ní Ọ̀yọ́. Èmi ni wọ́n rán lọ gbé e.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni mo dé Ọ̀yọ́. Mo ṣí àpótí, òórùn aṣọ tí kò rí oòrùn ló kọ́kọ́ gbá mi nímú. Náílọ́ọ̀nù ni wọ́n fi wé ẹtù náà. Nígbà tí mo tú u, ebu ti bò ó, àmì funfun wínníwínní káàkiri orí aró. Mo fa etí aṣọ náà díẹ̀, ó ya bí ìwé ìròyìn. Mo gbé àpótí sókè kí n lè wo ìdí rẹ̀, ikán ti jẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ tán. Mo pe màmá mi lórí fóònù. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Ṣé kò ṣẹ́ ku ibi tí a lè gé fi rán fìlà fún ọkọ ìyàwó?”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju aṣọ tó bàjẹ́ lọ. Mo bá jáde, mo lọ bá bàbá kan tó ń hun òfì ní agboolé kan tí kò jìnnà sí ọjà Àkẹ̀sán. Mo fi aṣọ hàn wọ́n. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé wọ́n máa ní ìdílé wa ò bìkítà. Wọ́n kàn mi orí ni. Wọ́n ní, “Lọ́yà, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ gbé irú ẹ̀ wá. Òwú tó bá ti bá òjò àti náílọ́ọ̀nù pàdé, ebu ló máa jẹ ẹ́. Àwa náà ń fi káńfọ̀ sí i, àwọn kan ń fi ewé dóńgóyárò sí i. Ó ń lé kòkòrò díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í lé ebu.”

Nítòsí wọn ni ọkùnrin kan ti ń gbẹ́ igi ìlù. Igi ọmọ̀ ló wà níwájú rẹ̀. Òun náà dá sí i. Ó ní bí kòkòrò bá ti wọ inú igi, èèyàn ò ní mọ̀ àfi ìgbà tí ìyẹ̀fun bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà sílẹ̀. Kí ni òun ń fi sí i? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú, èyí tí àwọn mẹkáníìkì bá rọ́ jáde, ni ọ̀pọ̀ káfíńtà ń fi pa igi òrùlé. Ẹni tó bá lówó ń ra Solignum. Ẹlòmíì ń fi òtàpíápíá fọ́n ọn. “Ṣùgbọ́n ìlù ni tèmi,” ó ní. “Èèyàn ló máa gbé e kọ́ èjìká, tó máa gbé e mọ́ àyà. Mi ò lè fi májèlé pa á.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn mí gan-an nìyí. Nǹkan bí àádọ́ta kìlómítà péré ló wà láàárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn, ní yunifásítì LAUTECH, àwọn onímọ̀ kan ti lé ní ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́ tó jẹ mọ́ ìṣòro bàbá yìí gan-an. Ayé ti ka iṣẹ́ wọn. Bàbá tó ń hun òfì ò gbọ́ ọ rí.

Kí n tó sọ ohun tí wọ́n ṣe, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ọ̀tá tí a ń bá jà.

Òwú àti igi, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ẹ lè má mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀kan rọ̀, ìkejì le. Ṣùgbọ́n ohun kan náà tí wọ́n ń pè ní cellulose ló wà nínú àwọn méjèèjì. Òwú tó mọ́, ó lé ní ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tó jẹ́ cellulose. Igi náà, nǹkan bí ìdá ogójì sí àádọ́ta ni. Ìdí nìyẹn tí ikán fi lè jẹ àpótí, kó jẹ aṣọ inú rẹ̀, kó tún jẹ ìwé ẹ̀rí tó wà lábẹ́ aṣọ. Oúnjẹ kan náà ni gbogbo rẹ̀ lójú ikán. Ebu náà, oúnjẹ yẹn kan náà ló ń wá, ó kàn nílò ọ̀rinrin kó tó lè jẹ ẹ́ ni. Náílọ́ọ̀nù tí a fi ń wé aṣọ pé a ń tọ́jú rẹ̀, ọ̀rinrin yẹn gan-an ló ń há mọ́ inú.

Oòrùn náà tún wà ńbẹ̀. Oòrùn ń lé ebu lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí aṣọ bá pẹ́ nínú rẹ̀ jù, ìtànṣán tí a ò lè fojú rí á bẹ̀rẹ̀ sí í pa aró. Ilẹ̀kùn gbígbẹ́ tó bá wà níta, ìtànṣán yìí ló ń sọ ojú rẹ̀ di eérú. Àwọn àgbà wa mọ̀ nípa gbogbo èyí lọ́nà tiwọn. Igi òrùlé ilé ìdáná ayé àtijọ́ máa ń pẹ́, nítorí èéfín ń lé kòkòrò. Ìrókò àti apá ni wọ́n ń wá fún ohun tó gbọ́dọ̀ pẹ́. Lónìí, ta ló ń dáná igi nílé? Ìrókò dà?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí nánò.

Ọ̀rọ̀ yìí ti di ọ̀rọ̀ ìpolówó ọjà, torí náà ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ mú mítà kan, ẹ pín in sọ́nà bílíọ̀nù kan. Ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni nánómítà. Irun orí èèyàn kan ṣoṣo fẹ̀ tó nǹkan bí 80,000 nánómítà. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní èròjà nánò, láti 1 sí 100 nánómítà ni ìwọ̀n rẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Kí ni àǹfààní kí nǹkan kéré tó bẹ́ẹ̀? Ẹ wo ata. Ata odindi kan nínú ọbẹ̀, ẹnu ibi tó bá wà nìkan ló máa ta. Ẹ lọ ata yẹn kan náà kó kúnná, gbogbo ìkòkò ló máa ta. Ata ò pọ̀ sí i, ojú tó fi ń kan ọbẹ̀ ló pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni fàdákà. Ó ti pẹ́ tí aráyé ti mọ̀ pé fàdákà ń pa kòkòrò àìfojúrí. Bí wọ́n bá wá sọ ọ́ di èròjà nánò, ìwọ̀nba díẹ̀ á ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń pa sunscreen, ó lè jẹ́ pé ẹ ti ń lo nánò láìmọ̀. Nínú àwọn kan lára wọn, èròjà zinc oxide tó kéré báyìí ló ń dènà ìtànṣán oòrùn. Èròjà yẹn kan náà ni àwọn kan ń pò mọ́ fáníìṣì tí wọ́n ń fi kun igi tó máa wà níta.

Ní LAUTECH, ọdún 2014 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ ìwádìí kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní NANO+. Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbaje Lateef, onímọ̀ nípa kòkòrò àìfojúrí, ló wà nídìí rẹ̀ pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ láti oríṣiríṣi ẹ̀ka. Ohun tó jẹ́ kí iṣẹ́ wọn yàtọ̀ ni pé ohun tí a ń dà nù ni wọ́n fi ń ṣe é. Èèpo obì gbàǹja. Èèpo kòkó. Ilé aláǹtakùn. Ilé agbọ́n pàápàá. Wọ́n á fa omi inú nǹkan wọ̀nyí jáde, wọ́n á pò ó mọ́ iyọ̀ fàdákà tí wọ́n ń pè ní silver nitrate, omi náà á yí àwọ̀ padà di ràkọ̀ràkọ̀. Àwọ̀ yẹn ló ń fi hàn pé fàdákà ti di èròjà nánò. Ibòmíì, kẹ́míkà líle ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ tí èèpo obì ń ṣe yìí.

Ní ọdún 2016, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde lórí èèpo obì. Wọ́n mú èròjà nánò fàdákà tí wọ́n fi èèpo obì ṣe, wọ́n pò ó mọ́ ọ̀dà, ìyẹn péǹtì, wọ́n sì rí i pé ọ̀dà náà ń dènà bakitéríà, ó tún ń dènà ebu. Àwọn àgbà ní ohun tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n fi hàn pé ara obì náà ni ohun tó lè gba ògiri àti igi lọ́wọ́ ebu lè ti jáde.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ti ọdún 2021. Aguda àti Lateef mú omi ìdànù irú. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, omi irú, èyí tí àwọn ìyá wa ń dà sí gọ́tà, tí gbogbo àdúgbò á máa fọwọ́ bo imú. Omi yẹn ni wọ́n fi sọ fàdákà di nánò, tí wọ́n sì kì í bọ inú aṣọ, kí aṣọ lè máa dá kòkòrò àìfojúrí dúró. Inú ìkòkò dúdú lẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Ẹ ò rí i pé ìyá onírú àti bàbá aláṣọ òfì ti di alájọṣe láìmọ ara wọn?

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí inú wa dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹjọ́ tí èèyàn bá fẹ́ jàre, ó gbọ́dọ̀ sọ ibi tó kù sí. Àkọ́kọ́, irú àti obì ò sọ ara wọn di fàdákà. Iyọ̀ fàdákà ni èèyàn máa rà, kò sì wọ́n níwọ̀nba. Ìkejì, èròjà nánò fàdákà máa ń fi àwọ̀ díẹ̀ sára aṣọ. Lára ẹtù dúdú, kò sẹ́ni tó máa rí i. Lára aṣọ funfun, ó lè di wàhálà láàárín aláṣọ àti oníbàárà. Ìkẹta, kòkòrò àìfojúrí ni wọ́n fi dán ọ̀dà èèpo obì yẹn wò. Ikán kọ́ o. Ẹni tó bá sọ fún yín pé fàdákà nánò á lé ikán kúrò lára àpótí yín, ẹ bi í léèrè ibi tó ti rí i.

Fún ikán, bàbà ni aráyé ń lò, mo ń sọ ti irin pupa tí wọ́n fi ń ṣe wáyà iná. Ní Amẹ́ríkà, ó ti pẹ́ tí wọ́n ń fi àdàlù bàbà àti arsenic ti igi ilé kí ikán má bàa jẹ ẹ́. Májèlé ni arsenic. Ní ìparí ọdún 2003, wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró fún igi tí wọ́n ń lò nílé gbígbé. Láàárín ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bàbà kúnná títí tí apá kan nínú rẹ̀ fi dé ìwọ̀n nánò, wọ́n sì ń fi agbára ẹ̀rọ tì í wọ inú igi. Ó ti di ọjà gidi lọ́hùn-ún. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ìyẹn, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dúdú la ṣì ń fi pa igi níbí.

Kò sì tán síbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kan wà ní Sweden tí wọ́n ń pè ní Vasa. Ọdún 1628 ló rì, ní ìrìn àjò rẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n sì gbé e jáde nínú omi ní 1961. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún nínú mùsíọ́ọ̀mù, wọ́n rí i pé ásíìdì ń jẹ igi náà láti inú. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Florence ní Ítálì, tí wọ́n ti fi èròjà nánò tọ́jú ìwé àtijọ́ àti aṣọ tí wọ́n ń ya àwòrán sí, ló fi irú èròjà náà dán igi ọkọ̀ yẹn wò, kó lè pa agbára ásíìdì. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ ni pé igi ogún wọn ni wọ́n kó sáyẹ́ǹsì lọ bá. Wọn ò ní kí igi náà lọ bá sáyẹ́ǹsì. Àwa náà ní igi ogún. Òpó gbígbẹ́, ilẹ̀kùn gbígbẹ́, ìlù tó ti ju ọjọ́ orí ẹni tó ń lù ú lọ, gbogbo ẹ̀ wà ní Ọ̀yọ́.

Ewu náà ńkọ́? Ó wà. Ní ọdún 2008, Benn àti Westerhoff ní Arizona State University ra ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi fàdákà nánò sí, wọ́n sì ń fi omi fọ̀ ọ́. Nínú àwọn kan, fàdákà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán sínú omi lẹ́yìn ìfọ̀ mélòó kan. Nínú àwọn mìíràn, díẹ̀ ló jáde. Èyí ń kọ́ wa ní nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, bí wọ́n ṣe lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ ṣe pàtàkì ju pé wọ́n fi sí i lọ. Ìkejì, ohun tó bọ́ lára aṣọ, odò ló ń lọ, ohun tó sì ń pa kòkòrò burúkú lè pa èyí tó wúlò. Ẹni tó ń fọ́n ọn náà gbọ́dọ̀ bo imú, nítorí kò yẹ kí èèyàn máa fà á símú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ronú níbí. Ìbọ̀sẹ̀ ni àwọn yẹn fọ̀. Ta ló ń fọ òfì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Òfì kì í wọ omi bẹ́ẹ̀. A máa wọ̀ ọ́ lóde ìyàwó, a máa ṣá a sí afẹ́fẹ́, a máa ká a. Ó lè wà nínú àpótí fún odidi ọdún méjì. Ìyẹn ni pé aléébù tó ń ba fàdákà nánò jẹ́ lára ìbọ̀sẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sí lára òfì, inú àpótí tó ṣókùnkùn tó sì ní ọ̀rinrin gan-an ni òfì sì ti nílò ààbò. Lójú tèmi, bí aṣọ kan bá wà lágbàáyé tó yẹ kí wọ́n fi fàdákà nánò dán wò, aṣọ òfì ni. Ara òfì gidi ló sì yẹ kí wọ́n ti dán an wò, ní ọwọ́ ahunṣọ gidi, kí wọ́n gbé e sínú àpótí gidi fún òjò ọdún méjì.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí ibi tí iṣẹ́ tèmi wà. Kí ló dé tí ìmọ̀ yìí ò tíì dé Ọ̀yọ́? Wọ́n á ní owó ni. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin náà wà níbẹ̀.

Òfin wa lórí ọgbọ́n tuntun, Patents and Designs Act, ti wà láti ọdún 1970. Ohun tó sọ rọrùn. Bí èèyàn bá ṣàwárí ohun tuntun tó wúlò fún iṣẹ́ ọwọ́ tàbí iléeṣẹ́, kó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, òun nìkan ló máa ní i fún ogún ọdún. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ jáde fún aráyé kà, níbikíbi lágbàáyé, kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, kì í ṣe tuntun mọ́ lójú òfin. Àyè díẹ̀ tí òfin yọ̀ǹda ni ti ẹni tó bá kó o lọ síbi ìpàtẹ tí ìjọba fọwọ́ sí láàárín oṣù mẹ́fà ṣáájú. Ìwé ìwádìí kì í ṣe ìpàtẹ.

Ẹ wá wo bí yunifásítì wa ṣe ń gbé olùkọ́ ga. Ìwé tí olùkọ́ bá tẹ̀ jáde ni wọ́n ń kà. Kíákíá ni kó tẹ̀ ẹ́. Ètò tó ń gbé olùkọ́ ga yìí gan-an ló ń ti ọgbọ́n síta kí òfin tó lè dáàbò bò ó. Lẹ́yìn ìyẹn, iléeṣẹ́ kan ní Ṣáínà lè kà á, kó ṣe é, kó tún wá tà á fún wa. Kò sì rú òfin kankan.

Apá kejì òfin náà wúlò fún wa. Òfin sọ pé ohun tí òṣìṣẹ́ bá ṣàwárí lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí, agbanisíṣẹ́ ló ni ẹ̀tọ́ sí i. Láti ọdún 2020 tí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti yọwọ́, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nìkan ló ni LAUTECH. Ẹ bá mi so ó pọ̀. Olùkọ́ ń ṣiṣẹ́ fún yunifásítì. Yunifásítì jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ jẹ́ ti bàbá tó ń hun òfì, ti ọkùnrin tó ń gbẹ́ ìlù, ti ìyá onírú. Ìmọ̀ yìí, tiwọn ni. Wọn kì í ṣe alágbe tó ń bẹ̀bẹ̀ fún nǹkan oníǹkan.

Nítorí náà, kí ni ká ṣe? Mo ní mẹ́rin.

Àkọ́kọ́, kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fi owó díẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánwò kan ṣoṣo: aṣọ òfì láti Ọ̀yọ́ àti Ìṣẹ́yìn, igi láti ọwọ́ àwọn agbẹ́gi, lábẹ́ àbójútó LAUTECH. Mo dárúkọ Ìṣẹ́yìn nítorí pé ìlú aṣọ òkè ni, LAUTECH fúnra rẹ̀ sì ti ní ọgbà níbẹ̀ báyìí. Àwáwí pé ibi jìnnà ti tán.

Ìkejì, kí yunifásítì ka ìwé àṣẹ ọgbọ́n tuntun mọ́ ohun tó ń gbé olùkọ́ ga, kó sì rí i pé wọ́n forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀wé. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ NOTAP ti ń bá àwọn yunifásítì dá ọ́fíìsì sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí. Kí ọ́fíìsì náà máa jáde lọ bá oníṣẹ́ ọwọ́, kó má kàn jókòó de fáìlì.

Ìkẹta, kí àwọn ahunṣọ fúnra wọn kó ara wọn jọ. Òfin Trade Marks Act ti 1965 fàyè gba àmì ìjẹ́rìí: ẹgbẹ́ tó dá dúró, tí òun fúnra rẹ̀ kì í ta ọjà náà, lè forúkọ àmì sílẹ̀ tó máa jẹ́rìí pé aṣọ báyìí, òwú gidi ni, ọwọ́ ni wọ́n fi hun ún, wọ́n sì ti tọ́jú rẹ̀ kó má bu. Òfì ayédèrú tí ẹ̀rọ ń hun ń gba ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́. Àmì yẹn lè dá oníbàárà padà. Bí omi irú àti èèpo obì bá sì ti di ọjà, kí wọ́n rà á lọ́wọ́ àwọn ìyá wa. Kí wọ́n má ṣe gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́ torí pé gọ́tà ni wọ́n ń dà á sí tẹ́lẹ̀.

Ìkẹrin, kí ojú wa là. Bí ìmọ̀ gidi bá pẹ́ kó tó dé, ayédèrú ló máa ṣáájú rẹ̀. Láìpẹ́, ẹ máa rí ìgò kékeré lórí Instagram, wọ́n á kọ “nánò” sára rẹ̀, wọ́n á ní ó ń pa ebu, ikán àti ìdun. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 ka irọ́ pípa lórí ọjà sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: kí ló wà nínú rẹ̀, ta ló dán an wò, ìfọ̀ mélòó ló máa gbà? Ẹni tí ò bá lè dáhùn, ẹ má ṣe fún un lówó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí, ẹ lè ní èwo ló kàn yín níbẹ̀. Ẹ wo àpótí ìyá yín. Kí òjò ọdún yìí tó dá, ẹ yọ òfì kúrò nínú náílọ́ọ̀nù. Ẹ ṣá a sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, lábẹ́ òjìji, kí oòrùn má bàa pa aró rẹ̀. Ẹ fi aṣọ òwú funfun tó mọ́ wé e. Ẹ má ṣe ká a sí ojú kan náà lọ́dọọdún, kó má bàa gé níbẹ̀. Ẹ gbé àpótí kúrò nílẹ̀, ẹ fi bíríkì tì í lẹ́sẹ̀. Kò sí nánò nínú gbogbo ìyẹn, ó sì lè gba aṣọ yín là kí nánò tó dé.

Ní ti ẹtù wa, ibì kan ṣẹ́ kù láàárín tí ebu ò dé. Bàbá ahunṣọ fọwọ́ kàn án, wọ́n gé e, ọkọ ìyàwó sì dé fìlà rẹ̀ lọ́jọ́ ìdána. Nígbà tí mo ń kúrò lọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ yẹn, mo sọ fún wọn nípa omi irú àti àwọn onímọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n dá iṣẹ́ ọwọ́ wọn dúró. Wọ́n ní, “Omi irú? Lọ́yà, ṣé ẹ ò máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?” Mo ní rárá. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n wá. Mo ní aṣọ tí wọ́n lè fi dán an wò.”

Mo ti jẹ́ iṣẹ́ náà.